Lẹ́yìn Tí A Bá Ti Ka Orí Àwọn Ọmọ Tán

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wá láti ọwọ́ àwọn tó ń fi àkókò àti owó ara wọn tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ: àwọn tó ń kọ́ ọmọ níwèé nírọ̀lẹ́, àwọn tó ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọwọ́, àwọn tó ń fa ọmọkùnrin kúrò nínú ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́. Kí n tó fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ mi ni pé kí n máa bá irú àwọn àjọ bẹ́ẹ̀ to àkọsílẹ̀ wọn, láti Ìbàdàn títí dé Òkè-Ògùn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n ń ṣe ń ran ọmọ lọ́wọ́ lóòótọ́. Mo mú lẹ́tà márùn-ún, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe máa dá wọn lóhùn ká ní wọ́n jókòó síwájú mi.

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́ta la dá ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ń wá dáadáa, rẹ́jísítà wa kún. Àjọ kan tó fẹ́ fún wa lówó wá bi wá pé kí ni ẹ̀kọ́ wa ti yí padà lára àwọn ọmọ. A fi rẹ́jísítà àti fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n ní ìyẹn kọ́ làwọn ń béèrè. Kí ni ká ṣe? (Olùkọ́ àgbà, Ìsẹ́yìn)

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ìbéèrè tí wọ́n bi yín dáa, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Rẹ́jísítà ń sọ ẹni tó wá. Kò lè sọ ohun tí ẹni tó wá náà mú lọ sílé. Ọmọ lè jókòó sí kíláàsì láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá kó má sì lè ka gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe tíṣà pẹ́ mọ èyí jù mí lọ. UNICEF sọ pé mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà ni kò lè ka gbólóhùn tó rọrùn tàbí kí wọ́n yanjú ìṣirò kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, orúkọ wọn wà nínú rẹ́jísítà ilé ìwé kan.

Ọ̀nà tó rọrùn jù tí mo mọ̀ wá láti Íńdíà. Àjọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Pratham, tó bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tálákà ìlú Mumbai lọ́dún 1995. Láti 2005 ni wọ́n ti ń fi ìdánwò ìwé kíkà kan wo àwọn ọmọ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, ìdánwò tí kò gba ju bébà kan lọ: lẹ́tà álífábẹ́ẹ̀tì lápá kan, ọ̀rọ̀ kéékèèké lápá kejì, ìpínrọ̀ kúkúrú kan, àti ìtàn tó gùn ju ìpínrọ̀ yẹn lọ díẹ̀. Ọmọ kan á jókòó ti àgbà kan. Àgbà á kọ́kọ́ gbé ìpínrọ̀ lé e lọ́wọ́. Bó bá kà á geere, ó di ìtàn; bó bá kọsẹ̀, ó di ọ̀rọ̀; bí ọ̀rọ̀ bá tún le, ó di lẹ́tà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ibi tí ọmọ bá dúró sí ni wọ́n á kọ síwájú orúkọ rẹ̀.

Nínú ẹ̀kọ́ tiwọn, wọ́n á wá pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n kàwé dé, ọjọ́ orí àti kíláàsì ò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n á máa kọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún dán wọn wò, ẹni tó bá ti gòkè á bọ́ sí ẹgbẹ́ tó kàn. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé pẹ̀lú Michael Kremer lọ́dún 2019, wà lára àwọn tó fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ iṣẹ́ náà wò. Wọ́n rí i pé níbi tí wọ́n bá ti ṣe é bó ṣe yẹ, àwọn ọmọ ń mọ̀wé kà.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìdánwò yẹn ni pé tíṣà ló kọ́kọ́ wúlò fún, kó tó kan olówó. Ó ti mọ ohun tó máa kọ́ ọmọ náà lọ́la.

Ẹ ṣe tiyín báyìí. Lọ́jọ́ tí táàmù tuntun bá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pín àwọn ọmọ láàárín ara yín, kí ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí ọmọ yòókù ò ti ní gbọ́, kójú má bàa ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ fa ìlà sínú ìwé gígùn kan: orúkọ, kíláàsì, ibi tó kà dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibi tó kà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ibi tó kà dé nígbà tí táàmù parí. Ẹ má tíì dààmú nípa kọ̀ǹpútà. Bí ọmọ yín kan bá mọ Excel, á bá yín kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá sì gbòòrò lọ́jọ́ iwájú, ètò ìkọ̀wé orí fóònù kan wà tó ń jẹ́ KoboToolbox, tí wọ́n ṣe fún irú àkọsílẹ̀ yìí, tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí. Àmọ́ mo ti dé ọ́fíìsì tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kún fún àkọsílẹ̀ tí tíṣà kankan ò ṣí wò rí. Ìwé gígùn tí ẹ̀ ń ṣí lálaalẹ́ wù mí jù ú lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé ilé ìwé táwọn ọmọ ń lọ láàárọ̀ ló mú wọn gòkè, pé ẹ̀yin kọ́. Ìdáhùn wà fún ìyẹn náà. Bí àwọn ọmọ tó fẹ́ wọlé bá ju ààyè tẹ́ ẹ ní lọ, ẹ ṣẹ́ gègé níṣojú àwọn òbí. Ẹ dán gbogbo wọn wò lọ́jọ́ kan náà, àwọn tó wọlé àti àwọn tó ń dúró de táàmù tó ń bọ̀. Nígbà tí táàmù bá parí, ẹ tún dán gbogbo wọn wò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì ni iṣẹ́ ọwọ́ yín. Kò sí ẹni tẹ́ ẹ rẹ́ jẹ, torí ẹni tó dúró ló máa kọ́kọ́ wọlé nígbà tó bá yá.

Ẹ dán wọn wò ní Yorùbá kí ẹ tó dán wọn wò ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì kọ èsì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ilé wa níbí la ti rí ẹ̀rí èyí. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ sí ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Wọ́n wá ní kíláàsì mìíràn tí wọ́n fi ń wọn èsì: àwọn yẹn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì bí àwọn ilé ìwé yòókù ṣe ń ṣe. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ló ta yọ nínú ẹ̀kọ́ wọn, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ṣe é: wọn ò kàn pariwo pé èdè wa dára, wọ́n kó àwọn ọmọ jọ, wọ́n wọn èsì, wọ́n fi ẹgbẹ́ méjì wéra. Orí mi ń wú bí mo bá rántí pé ọmọ Yorùbá ló ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Bí ẹ bá ń rò ó pé kí wọ́n fi owó náà ra ìwé kíkà, ẹ dúró ná. Ní Busia, ní ìwọ̀ oòrùn Kenya, láàárín àwọn ọdún 1990, Kremer tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn ilé ìwé tí àjọ kan pín ìwé fún. Àwọn ọmọ tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀ nìkan ni máàkì wọn gòkè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó kù ò lè kà á. Ibi tí àwọn ọmọ yín bá kàwé dé ni kó sọ irú ìwé tẹ́ ẹ máa rà.

Mà, ní àdúgbò wa, àwọn ọmọkùnrin wa ń bàjẹ́ lójú wa. Lọ́dọọdún, a máa ń kó wọn lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n bá wọn sọ̀rọ̀, kẹ́rù lè bà wọ́n. Àwọn ọmọ ń sunkún, àwọn òbí ń dúpẹ́. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wa ní ká dáwọ́ dúró títí a ó fi rí ẹ̀rí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí wo ló tún ju omijé ọmọ lọ? (Àbúrò yín, Agége)

Àbúrò mi, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ yín ṣe yín lóore. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí ohun tí ẹ fi ìfẹ́ ṣe yìí lè pa àwọn ọmọ náà lára.

Ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Rahway bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí gan-an láàárín àwọn ọdún 1970. Wọ́n á kó àwọn ọ̀dọ́ wọlé, àwọn ẹlẹ́wọ̀n á jágbe mọ́ wọn, wọ́n á ròyìn ohun tí ojú wọn rí. Òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn ìlú mìíràn sì gbà á lò. Nígbà tí James Finckenauer, onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, fi àwọn ọmọ tó lọ wé àwọn tí kò lọ, àwọn tó lọ ló tún rúfin jù. Nígbà tó yá, Anthony Petrosino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 9 jọ lórí irú ètò bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ gègé tàbí ohun tó jọ ọ́ láti mọ ọmọ tó máa lọ àti èyí tó máa dúró sílé. Èsì wọn ni pé ètò náà ń dá kún ìwà ọ̀daràn. Ì bá sàn fún àwọn ọmọ náà kí ẹnikẹ́ni má mú wọn lọ.

Ẹ ní àwọn òbí ń dúpẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ní Cambridge àti Somerville ní Massachusetts, dókítà kan tó ń jẹ́ Richard Cabot dá ètò kan sílẹ̀ tó gbéra lọ́dún 1939. Ọmọkùnrin 506 ni wọ́n tò ní méjì-méjì, ẹni tó jọra pẹ̀lú ẹni tó jọra, wọ́n sì ju owó ẹyọ sókè láti mọ èwo nínú àwọn méjì ni olùtọ́jú á máa bẹ̀ wò. Wọ́n kọ́ wọn níwèé, wọ́n tọ́jú ìlera wọn, wọ́n mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí ibùdó ìgbafẹ́ nígbà ìsinmi. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn tó parí, Joan McCord wá wọn kàn. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tọ́jú sọ pé ètò náà ran àwọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà sì tọkàn wọn wá. Àmọ́ nígbà tó yẹ àkọsílẹ̀ kóòtù àti ti ilé ìwòsàn wò, àwọn tí wọ́n tọ́jú ló burú jù: àwọn tó rúfin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pọ̀ jù láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Ká ní ọpẹ́ ni wọ́n fi díwọ̀n ètò náà, wọn ì bá máa ṣe é lọ títí dòní.

Torí náà, ẹ dá ìrìn àjò ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn dúró. Mi ò ní kí ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ o. Ní Chicago, ètò kan wà tó ń jẹ́ Becoming a Man, ti àjọ Youth Guidance. Àwọn ọmọkùnrin á jókòó ní òbìrí pẹ̀lú àgbà kan ní ilé ìwé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nínú eré kan tí wọ́n máa ń ṣe, wọ́n á fún ọmọ kan ní bọ́ọ̀lù, wọ́n á sọ fún èkejì pé ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjà á bẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, àgbà á bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò kàn sọ pé jọ̀ọ́, fún mi ní bọ́ọ̀lù. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń dúró ronú kó tó fọwọ́ sókè. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Chicago ṣẹ́ gègé, wọ́n fi àwọn tó wọlé wé àwọn tí kò wọlé, wọ́n sì rí i pé mímú tí ọlọ́pàá ń mú wọn fún ìwà ipá dín kù tó nǹkan bí ìdajì nígbà tí ètò náà ń lọ. Òbìrí, àgbà tó ní sùúrù àti bọ́ọ̀lù kan ò ju agbára Agége lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ yín láti oṣù yìí. Ẹ kọ ọmọ tó ń wá àti èyí tó ti dáwọ́ dúró. Ẹ gba àṣẹ òbí kí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé iye ọjọ́ tí ọmọ pa jẹ. Lẹ́ẹ̀kan ní táàmù, ẹ fún àwọn ọmọ ní bébà tí wọn ò ní kọ orúkọ sí, kí wọ́n kọ iye ìgbà tí wọ́n jà lóṣù tó kọjá. Wọ́n á sọ òótọ́ fún bébà ju bí wọ́n á ṣe sọ fún ẹ̀yin lọ.

Ẹ kú ojúmọ́, mà. Àwọn ọmọbìnrin là ń kọ́ níṣẹ́ aṣọ rírán. Bí wọ́n bá parí, a ń fún wọn ní ẹ̀rọ ìránṣọ, iye ẹni tó gba ẹ̀rọ la sì ń kọ sínú ìròyìn wa. Mo ti ń gbọ́ pé àwọn kan tà á. Ṣé ká máa wá wọn kiri ni? Ọ̀pọ̀ ti ṣí lọ, nọ́ńbà wọn kì í lọ mọ́. Àwọn kan ò tiẹ̀ parí. (Ọmọ yín, Ọ̀ṣogbo)

Ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wá wọn. Iye ẹ̀rọ tẹ́ ẹ pín ń sọ ohun tí ẹ̀yin ṣe. Èmi fẹ́ mọ ohun tí ọmọbìnrin náà ń jẹ lẹ́yìn tó gbé ẹ̀rọ délé.

Ẹ wo alájọ inú ọjà. Káàdì ọwọ́ rẹ̀ ń fi ibi tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan dá owó dé hàn án, ọjọ́ tí ẹnì kan bá sì fò, ó mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, á yà sí ìsọ̀ onítọ̀hún láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Irú àkọsílẹ̀ tí mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín nìyẹn.

Ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ ti múra bí ẹ ṣe máa rí i lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, ẹ gba ti ìyá rẹ̀ tàbí àǹtí rẹ̀, ẹ tún gba ti ẹnì kan tí kì í ṣí kiri, bí ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò wọn. Ẹ sọ fún un lọ́jọ́ yẹn pé ẹ ó pè é lóṣù kẹta àti lóṣù kẹfà tó bá parí, kó má lọ rò pé ẹ fẹ́ gba ẹ̀rọ padà.

Bí ẹ bá wá pè é, ẹ má bi í pé "Ṣé iṣẹ́ ń lọ?" "A dúpẹ́, mà" ló máa dáhùn, bí ebi tilẹ̀ ń pa á, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹ bi í pé: lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ mélòó lo fi ránṣọ? Aṣọ mélòó lo rán? Èló ló kù lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn tó o ra òwú àti sípù? Ibo ni ẹ̀rọ náà wà báyìí? Bó bá ní òun ti tà á, ẹ má bú u. Ẹ béèrè ìdí, kí ẹ sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó lè jẹ́ owó ilé ìwòsàn ló fi san. Àmọ́ bí èèyàn púpọ̀ bá ń sọ ohun kan náà, pé àwọn ò rí owó ṣọ́ọ̀bù san, tàbí pé oṣù mélòó kan tẹ́ ẹ fi kọ́ wọn ò tó kí àwọn mọ aṣọ gé, á jẹ́ pé ètò yín ló yẹ kí ẹ tún ṣe kí ẹ tó ra ẹ̀rọ mìíràn.

Ní ti àwọn tí kò parí, àwọn ni mo máa kọ́kọ́ wá ká ní èmi ni ẹ̀yin. Àjọ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ògùn ń ráhùn pé àwọn ọmọbìnrin ń pa kíláàsì jẹ láìnídìí, pé ọ̀lẹ ni wọ́n. A ṣí rẹ́jísítà, a ò rí ojútùú. Lọ́sẹ̀ kan, Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́ Ẹtì ló ṣófo. Lọ́sẹ̀ kejì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́sẹ̀ kẹta, Ọjọ́rú. Lọ́sẹ̀ kẹrin, Ọjọ́bọ̀. Ìyá kan tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ gbọ́ bí a ṣe ń ka àwọn ọjọ́ náà, ó ní, "Ṣebí ọjọ́ ọjà ni gbogbo ẹ̀." A tún rẹ́jísítà náà tò ní ọrọọrún, ó sì rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: ọjọ́ ọjà ni àwọn ọmọ ń bá ìyá wọn ru ẹrù. Bí wọ́n bá ti fo ọjọ́ kan, wọn kì í mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ lọ́jọ́ kejì mọ́, ojú á tì wọ́n, wọ́n á jókòó sílé. Àjọ náà yọ ọjọ́ ọjà kúrò nínú ọjọ́ kíláàsì, àwọn ọmọ sì ń wá. Ìdáhùn ti wà nínú rẹ́jísítà látọjọ́ yìí. A kàn fi kàlẹ́ńdà tí kì í ṣe ti àwọn ọmọ náà kà á ni.

Mà, mò ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú àjọ kan. Wọ́n máa ń gbé fọ́tò àwọn ọmọ, orúkọ wọn, ilé ìwé wọn àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, títí kan àwọn tí wọ́n fipá bá lò, sórí gúrúùpù WhatsApp tí àwọn olùrànlọ́wọ́ wà. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé mo ń ṣe àṣejù ni? (Ọmọ yín, Abẹ́òkúta)

Rárá o, ọmọ mi. Ẹ sọ fún ọ̀gá ibẹ̀ lónìí pé kí ẹni tó gbé e síbẹ̀ pa á rẹ́, kí gbogbo ẹni tó ti gbà á náà pa á rẹ́ lórí fóònù wọn.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ pé kí àṣírí rẹ̀ wà ní bíbò. Òfin Ààbò Dátà ti Nàìjíríà tó jáde ní 2023 ní kí ẹ gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí ẹ tó lo dátà ọmọ tó jẹ́ pé àṣẹ ló yẹ kí ẹ fi lò ó. Ká tiẹ̀ yọ òfin sẹ́yìn, ọmọ yẹn á dàgbà, á fẹ́ ṣègbéyàwó, á wáṣẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn á sì máa tẹ̀ lé e kiri lórí fóònù ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà nìkan ni kó máa wà nínú ìwé tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́. Ìwé kan ṣoṣo tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́, lọ́wọ́ ẹni méjì péré. Bí ohun kan bá wà tí ẹ ò ní lò fún ìrànlọ́wọ́ ọmọ náà, ẹ má tiẹ̀ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rí fọ́ọ̀mù tó ń bi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án pé báwo ni bàbá rẹ̀ ṣe kú, tí kò sì sí ẹni tó ń fi ìdáhùn yẹn ṣe ohunkóhun. Ìkà ni.

Akápò ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni mí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdọọdún là ń fi owó ránṣẹ́ sílé fún ètò àwọn ọ̀dọ́. Fídíò tí àwọn ọmọ ti ń kọrin ọpẹ́ la ń rí gbà. Àwọn kan nínú wa ní ká fi irú fọ́ọ̀mù tí àwọn àjọ ńlá ibí ń lò ránṣẹ́ sí wọn, ó tó ogójì ojú ewé. Kí lẹ rí sí i? (Akápò, Peckham)

Akápò, ẹ kú owó, ẹ kú àìgbàgbé ilé. Ẹ má fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́. Tíṣà tó yẹ kó máa dán ọmọ wò ló máa jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ kan, á sì kọ ohun tó bá rò pé ẹ fẹ́ gbọ́.

Ìbéèrè mẹ́ta tó fún yín. Èkíní, ta ló wá, ta ló sì ti dáwọ́ dúró? Èkejì, kí ni àwọn ọmọ lè ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ni wọ́n lè ṣe báyìí? Ẹ̀kẹta, kí lẹ yí padà nínú ètò yín lọ́dún yìí nítorí ohun tẹ́ ẹ rí? Ẹ̀kẹta yẹn ni kí ẹ tẹ̀ mọ́. Àjọ tó bá lè dáhùn rẹ̀ ń ka àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ nìyẹn. Ojú ewé méjì tó, wọ́n sì lè fi ohùn dáhùn lórí WhatsApp bí ìwé kíkọ bá ni wọ́n lára, kìkì pé kí wọ́n má dárúkọ ọmọ kankan.

Ohun tó kàn yín jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí ẹ ṣe máa gba ìròyìn burúkú. Bí wọ́n bá kọ̀wé pé nínú ogún ọmọ, mẹ́fà péré ló gòkè, tí ẹ wá dín owó kù, ẹ ti kọ́ wọn pé kí wọ́n purọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n sọ òótọ́, ẹ béèrè ohun tó dí àwọn mẹ́rìnlá yòókù lọ́wọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ ó dúró tì wọ́n fún ọdún mẹ́ta, bí nǹkan dùn bí kò dùn. Ẹ má sì fi iye orí lé wọn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tó bá ní òun fẹ́ kí owó òun kan ọ̀dọ́ ẹgbẹ̀rún kan máa rí ọ̀dọ́ ẹgbẹ̀rún kan lóòótọ́: wọ́n á kó wọn sí gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ kan, wọ́n á fún wọn ní fìlà àti ìpápánu, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Ogójì ọmọ tí ẹ tẹ̀ lé fún ọdún méjì ló wù mí.

Kíka àwọn ọmọ àti dídán wọn wò gba owó, ẹ̀yin ló sì yẹ kó san án. Ẹnì kan ní láti fi ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ fún un ní táàmù kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ní láti wọ ọ̀kadà lọ wá ọmọ tó ti dáwọ́ dúró. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ béèrè iye tí ìyẹn máa jẹ́, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ kí owó tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, kó má di pé wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ àwọn ọmọ.